Pẹ́nárítì Ni àbí Eré? Ẹjọ́ Bọ́ọ̀lù Láàárín Ìgboro Ìbàdàn

Ìfáárà

Ẹ̀yin àgbààgbà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá gbọ́ wa, ẹ̀yin mọ́gàjí, ẹ̀yin ìyálọ́jà láti Ọjà'ba, ẹ̀yin akọ̀ròyìn, ẹ̀yin olólùfẹ́ Shooting Stars tí ojú yín ti rí tó, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wọ ẹ̀wù Arsenal, Chelsea àti Manchester United wá síbí, mo kí yín. Mo júbà àgbà, mo júbà ọmọdé. Kí ìbà mi ṣẹ.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi rọrùn láti gbọ́, ó ṣòro láti jẹ́. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìjà tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù, nígbà tí ẹni tó ń dènà bá gbá ẹni tó ń bọ̀ lójú ilé lulẹ̀ gbàlà: ṣé pẹ́nárítì ni, àbí eré ni? Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín kò ju ọ̀kan lọ. Òfin kì í kọ́kọ́ bèèrè bí ìgbá náà ṣe le tó. Ìbéèrè mẹ́ta ló ṣáájú ìyẹn. Bí a bá bèèrè wọn bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, ìdajì ìjà wa yóò tán kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgboro Ìbàdàn àti ẹjọ́ bọ́ọ̀lù

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bá ilé rẹ̀ pàdé ju ìgboro yìí lọ. Ẹ lọ sí ìdí àwọn oníwèé ìròyìn ní Bẹẹrẹ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ó bá àwọn tó ń ka ojú ìwé àkọ́kọ́ láìrà á, tí wọ́n sì ń dá ẹjọ́ rẹfirí Òyìnbó. Ẹ gba Ọjà'ba kọjá sí Bẹyẹrúnká lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ẹ ó gbọ́ ariwo láti inú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kí ẹ tó rí iná rẹ̀. Bí wọ́n bá gbá èèyàn lulẹ̀ nínú éétíìn, ìyẹn inú àlà tó yí ojú ilé ká, gbogbo ilé á dìde lẹ́ẹ̀kan. Apá kan á ní, "Ó kọ́kọ́ kan bọ́ọ̀lù!" Apá kejì á ní, "Bàbá, ẹ̀ ń ṣojú ṣájú!" Jẹnẹrétọ̀ lè kú, fíìmù lè dúró, àwọn yẹn kò ní dákẹ́.

Kò yani lẹ́nu. Orí òkè Mápó tó wà lókè wa ni wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ìlú sí, tí wọ́n ṣí i ní 1929, ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ sì wà ní Mápó títí di òní. Àwa tí a dàgbà sábẹ́ òkè yìí mọ ẹjọ́ rò, a sì fẹ́ràn láti gbọ́ tẹlẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Adájọ́ Mápó lè sún ẹjọ́ síwájú, ó lè ní kí ẹlẹ́rìí lọ tún wá. Rẹfirí kò ní àyè bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ lé lórí, pẹ̀lú òógùn lójú, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ti dá ẹjọ́ tiwọn ṣáájú kí ó tó fẹnu kan fèrè.

Ẹgbẹ́ tiwa gan-an ti jẹ, ó sì ti jẹ̀bi, lójú òpó pẹ́nárítì. Ní 1976, nígbà tí wọ́n ṣì ń jẹ́ IICC Shooting Stars, àwọn ọmọ Ìbàdàn gba ife àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà, lẹ́yìn tí wọ́n borí Tonnerre láti Yaoundé. Ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan kò tíì gba ife Áfíríkà ṣáájú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú yín rántí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò nì, Ernest Okonkwo, sọ ní "Mathematical". Ẹ rántí Múdà Lawal, ẹ rántí Best Ogedegbe tó ń ṣọ́lé. Ní ọdún kejì, 1977, wọ́n pàdé Rangers ti Enúgu ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò rí ilé ara wọn. Pẹ́nárítì ni wọ́n fi yanjú rẹ̀ ní Kàdúná, Rangers ló sì lọ. Ní 1996, ẹgbẹ́ wa tún wọ àṣekágbá ife àwọn àṣáájú Áfíríkà pẹ̀lú Zamalek. A na wọ́n 2-1 níbí, wọ́n na wá 2-1 ní Káírò, wọ́n sì fi pẹ́nárítì gba ife náà, 5-4. Ẹni tó bá ti jẹ irú ẹ̀gún bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bó bá gbọ́ "pẹ́nárítì", ara rẹ̀ á gbọ̀n.

Ibi tí pẹ́nárítì ti ṣẹ̀ wá

Ẹ jẹ́ kí a mọ ìdílé ọ̀rọ̀ yìí kí a tó dá ẹjọ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ti ní òfin fún ọdún púpọ̀ kí pẹ́nárítì tó dé. Nígbà náà, bí ẹni tó ń dènà bá rí i pé bọ́ọ̀lù fẹ́ wọlé, ó lè fi ẹsẹ̀ gé ẹni tó mú un bọ̀, ó sì lè fọwọ́ gbá a jáde. Fìríkíìkì lásán ni wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ kejì á sì tò síwájú ilé bí ògiri. Ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ ló ń jèrè.

William McCrum, ẹni tó ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ abúlé Milford ní Ireland, ló dá a lábàá pé kí wọ́n fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ láyè láti dojú kọ aṣọ́lé nìkan. Àwọn ọlọ́lá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bínú. Wọ́n ní òfin náà pe àwọn ní oníwà ìbàjẹ́, bí ẹni pé ọmọlúàbí lè mọ̀ọ́mọ̀ gbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà, 1891, ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù fọwọ́ sí i. Ní 1902 ni wọ́n wá fa àlà éétíìn bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, mítà 16.5 láti ojú ilé, tí wọ́n sì fi àmì sí mítà 11 tí a ti ń gbá a.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé wọn kò dá pẹ́nárítì sílẹ̀ láti fi wo ẹsẹ̀ ẹni tó fara pa. Wọ́n dá a sílẹ̀ kí ẹni tí wọ́n jí àǹfààní rẹ̀ gbé lè gba àǹfààní náà padà. Ibẹ̀ ni èrò ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà.

Ìbéèrè mẹ́rin

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé eré ṣì ń lọ, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn kò sì tíì ṣáájú? Ẹ̀yin ọmọ Liverpool kò tíì gbàgbé ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹwàá, 2020. Jordan Pickford, aṣọ́lé Everton, fò lu orúnkún Virgil van Dijk nínú éétíìn, iṣan orúnkún ọkùnrin náà já, ó sì pàdánù gbogbo ìyókù sáà náà. Kò sí pẹ́nárítì, torí ọ́fúsáìdì ti ṣáájú. Ibi tí òfin dé nìyẹn lórí pẹ́nárítì, ó tọ̀nà. Àmọ́ ọ́fúsáìdì kì í fọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó fẹ́ ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀. Káàdì pupa ṣì ṣeé fún Pickford. Wọn kò fún un, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ṣẹ̀. Àwọn tó ń jiyàn níhìn-ín lọ́jọ́ náà pa ẹjọ́ méjì pọ̀ di ẹyọ kan, ni wọn kò fi gbọ́ ara wọn yé.

Ìbéèrè kejì: níbo ló ti ṣẹlẹ̀? Ibi tí ara ti kan ara ni òfin ń wò, kò ka ibi tí èèyàn yí gbirigbiri dé. Ìlà funfun náà jẹ́ ara éétíìn. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá ṣẹ̀ lórí ìlà, inú ló ti ṣẹ̀. Bí wọ́n bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa èèyàn láṣọ níta, tí wọ́n fà á wọ inú, pẹ́nárítì ni. Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ lè wà ní àárín pápá nígbà yẹn, kò yí nǹkan padà.

Ìbéèrè kẹta: irú ẹ̀ṣẹ̀ wo ni? Gbígbá èèyàn, fífi ẹsẹ̀ gé e, títì í, lílù ú, fífò mọ́ ọn, dídì í mú, àti fífọwọ́ gba bọ́ọ̀lù lọ́nà tí òfin kọ̀, gbogbo ìwọ̀nyí ló lè di pẹ́nárítì. Kódà, ẹni tó fẹ́ gbáni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá a ti ṣẹ̀, nítorí òfin ka ìgbìyànjú pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ẹsẹ̀ sókè lọ́nà tó léwu, tí kò kan ẹnikẹ́ni, fìríkíìkì tí a kò gbọdọ̀ gbá tààrà sáwọ̀n ni wọ́n máa fún ẹgbẹ́ kejì. Èjìká sí èjìká náà ń bẹ nínú eré. Ó lè le, ó lè gbé èèyàn ṣubú, kí ó má sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ rárá.

Ìbéèrè kẹrin ni ti ọ̀nà tó gbà ṣe é, ibẹ̀ ni ìwọ̀n agbára ti wọ̀ ọ́. Òfin pín in sí mẹ́ta. Bí adènà kò bá fara balẹ̀, tí kò wo ibi tó ń fẹsẹ̀ sí, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí káàdì. Bí kò bá bìkítà pé òun lè ṣe ẹlẹgbẹ́ òun léṣe, káàdì yẹ́lò. Bí ó bá lo agbára àṣejù tó lè ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀, káàdì pupa. Ẹ tẹ́tí gbọ́ èyí dáadáa: àìfarabalẹ̀ lásán ti tó fún pẹ́nárítì. Agbára ìgbá ló ń sọ àwọ̀ káàdì. Pẹ́nárítì ti wáyé kí á tó dé ibẹ̀.

Níbo wá ni "ó kọ́kọ́ kan bọ́ọ̀lù" wà nínú òfin? Kò sí níbẹ̀. Kíkan bọ́ọ̀lù lè fi hàn pé adènà náà fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lóòótọ́, rẹfirí sì lè rò ó mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ara bọ́ọ̀lù kọjá lọ gé èèyàn lẹ́sẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ dúró.

Ẹjọ́ mẹ́ta tó kọ́ni lọ́gbọ́n

Ẹ jẹ́ kí a gbé ìbéèrè wọ̀nyí lọ sórí pápá. Ní ọjọ́ keje oṣù Kejì, 2024, ní Bouaké, orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, Nàìjíríà àti South Africa pàdé ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ife Áfíríkà. William Troost-Ekong ti fi pẹ́nárítì fún wa ní góòlù kan. Ìdíje náà ti ń lọ sópin nígbà tí Victor Osimhen gbá ẹlẹ́ẹ̀kejì wọlé. Ìgboro mì tìtì. Kí ariwo ayọ̀ tó rọlẹ̀, rẹfirí ará Íjíbítì ti lọ wo ẹ̀rọ VAR, ó sì padà wá pẹ̀lú ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò rí irú rẹ̀ rí: góòlù Osimhen kò sí mọ́, pẹ́nárítì ni fún South Africa! Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́dọ̀ wa, Alhassan Yusuf ti gé Percy Tau lẹ́sẹ̀ nínú éétíìn wa. Teboho Mokoena gbá a wọlé, ó di 1-1. Ìròyìn jáde lẹ́yìn náà pé àyà já àwọn kan ní Nàìjíríà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n sì kú. Èmi Stanley Nwabali ló gbà wá níkẹyìn, tó mú pẹ́nárítì méjì, tí Kelechi Iheanacho fi gbá èyí tó kẹ́yìn.

Ẹ bi ẹjọ́ náà ní ìbéèrè mẹ́rin. Eré ń lọ. Inú éétíìn ni. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi gé e. Kò le rárá, ọ̀pọ̀ èèyàn kò tilẹ̀ kíyè sí i, ṣùgbọ́n àìfarabalẹ̀ ni. Pẹ́nárítì ni, ó sì tọ̀nà. Góòlù tó wọlé lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ̀ náà kò lè dúró, nítorí orí ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí.

Ẹ wá gbé ti Bouaké sẹ́gbẹ̀ẹ́ Seville. Ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje, 1982, Faransé àti Jámánì ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ife àgbáyé. Michel Platini ti bọ́ọ̀lù síwájú fún Patrick Battiston, tí kò tíì pẹ́ tó wọ pápá. Battiston gbá bọ́ọ̀lù kọjá aṣọ́lé, bọ́ọ̀lù sì yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Harald Schumacher, aṣọ́lé Jámánì, kò tilẹ̀ wo bọ́ọ̀lù mọ́. Ó fò, ó yí ìbàdí, ó fi ara lu ojú ọkùnrin náà. Battiston dákú. Eyín rẹ̀ ká, eegun ọrùn rẹ̀ fara pa, orí àkéte ni wọ́n fi gbé e jáde. Rẹfirí Charles Corver láti Netherlands kò fún Faransé ní pẹ́nárítì, kò fún Schumacher ní káàdì kankan. Wọ́n ní kí aṣọ́lé gbá bọ́ọ̀lù wọlé padà, ó sì gbá a. Eré parí sí 3-3, Jámánì fi pẹ́nárítì borí, 5-4, Schumacher sì mú méjì nínú ti Faransé.

Ìgbá tó le jù tí ojú ti rí kò di pẹ́nárítì. Ìfẹsẹ̀gé tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí di pẹ́nárítì. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín ní Ọjà'ba pé agbára ìgbá ló ń sọ ọ́ di pẹ́nárítì, ẹ dárúkọ Bouaké àti Seville fún un. Corver ṣìnà nítorí bọ́ọ̀lù tó ń lọ ni ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé, kò rí ìgbá náà dáadáa. Lóde òní, VAR tó wọ ìwé òfin ní 2018 ì bá pè é padà.

Ẹjọ́ kẹta ni èyí tó ṣì ń dun ìgboro yìí. Ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje, 1994. Abíọ́lá wà ní àtìmọ́lé, ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ epo ti bẹ̀rẹ̀ lánàá ọjọ́ náà, ìlú le. Ìtura tó kù kò ju bọ́ọ̀lù lọ. Nàìjíríà pàdé Ítálì lẹ́bàá Boston, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Emmanuel Amuneke ti fún wa ní góòlù kan, wọ́n ti fún Gianfranco Zola ní káàdì pupa, ó ku ìṣẹ́jú méjì. Roberto Baggio dá a padà. Nínú àfikún àsìkò, Augustine Eguavoen fara lu Antonio Benarrivo nínú éétíìn, rẹfirí Arturo Brizio Carter láti Mexico tọ́ka sí àmì, Baggio gbá a wọlé, a sì padà sílé.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Àwọn kan ṣì ní wọ́n fi ẹ̀tànú dá a ni. Èmi náà kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bèèrè. Eré ń lọ, inú éétíìn ni, Benarrivo ló ń sáré tọ bọ́ọ̀lù, Eguavoen ló wá pàdé rẹ̀ lára tí kò sì gba bọ́ọ̀lù. Kò le, kò sì yẹ fún káàdì. Pẹ́nárítì ni. Ibi tí a ti pàdánù ìdíje yẹn ni ìṣẹ́jú 88, nígbà tí a jẹ́ kí ẹni mẹ́wàá wá gbá góòlù sílé ẹni mọ́kànlá.

Ẹgbẹ́ ẹni àti owó ẹni

Kí ló wá dé tí a kì í fi ìbéèrè mẹ́rin yìí jiyàn? Ohun méjì ló fà á. Èkíní ni ẹgbẹ́ ẹni. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà, 2018, ní St Petersburg, Javier Mascherano ti Argentina di Leon Balogun mú, wọ́n fún wa ní pẹ́nárítì, Victor Moses gbá a wọlé. A ní òfin ni òfin. Lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀lù ta lórí Marcos Rojo, ó ba ọwọ́ rẹ̀, rẹfirí lọ wo VAR, ó ní kò sí pẹ́nárítì. Ojú ẹsẹ̀ ni òfin di olè lẹ́nu wa. Òfin ìgbà náà ní ọwọ́ tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ lò ni ẹ̀ṣẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó ti orí ẹni fúnra rẹ̀ ta sọ́wọ́ kò sí nínú rẹ̀. Rojo yìí kan náà ló gbá góòlù tó lé wa sílé. Ó korò bí ewúro, àmọ́ ìkorò kì í ṣe ẹ̀rí.

Èkejì ni tẹ́tẹ́, òun ló sì burú jù. Láyé àtijọ́, ẹni tó ń wo Shooting Stars ní Liberty tàbí ní Adámásingbà, ìfẹ́ ẹgbẹ́ ló gbé lọ. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó jókòó sílé ìwòran ló ní tíkẹ́ẹ̀tì lápò, góòlù kan ṣoṣo ló sì lè sọ tíkẹ́ẹ̀tì náà di owó tàbí bébà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí mọ́. Ẹlẹ́jọ́ ni. Ẹ kò lè fi òfin dá a lóhùn, torí ohun tó ń béèrè ni owó rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ìjà ìgboro làrùn Ìbàdàn. Bí a bá da tẹ́tẹ́ pọ̀ mọ́ àrùn náà, ẹ̀mí ló ń bá a lọ.

Ẹ rántí ẹni tó wà láàárín pápá náà. Ní ọ̀pọ̀ pápá líìgì wa, kò sí VAR, kò sí ẹ̀rọ tí yóò fi ìran náà hàn án lẹ́ẹ̀kejì. Ojú méjì tí Ọlọ́run fún un ló ní. Bí ó bá ṣìnà, ẹ jẹ́ kí a fi ẹnu sọ ọ́, kí ẹgbẹ́ kọ̀wé fẹjọ́ sun àwọn aláṣẹ líìgì. Ẹni tó bá sọ òkò sí rẹfirí ti pa ẹ̀rí ara rẹ̀ run.

Àgbálọgbábọ̀

N kò wá síbí láti ní kí ẹ má jiyàn mọ́. Ìgboro tí kò bá jiyàn bọ́ọ̀lù kì í ṣe Ìbàdàn. Ohun tí mo ń bẹ̀ ni pé kí iyàn wa ní ẹsẹ̀ tó fi dúró. Kí ẹni tó bá ní pẹ́nárítì ni sọ ibi tí ara ti kan ara. Kí ẹni tó bá ní eré ni sọ ìdí tí kò fi jẹ́ àìfarabalẹ̀. Kí ẹni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì lápò jẹ́wọ́ rẹ̀ kó tó dá ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹ̀yin tó gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kalẹ̀ ni mo ń bá sọ ọ́. Ìwé òfin bọ́ọ̀lù wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ kò dé etí àwọn tó nílò rẹ̀ jù lédè tí wọ́n ń fọ̀. Ẹ gba olùkọ́ Yorùbá kan àti rẹfirí àgbà kan, kí wọ́n túmọ̀ òfin kejìlá àti ìkẹrìnlá, èyí tó dá lórí ẹ̀ṣẹ̀ àti pẹ́nárítì, sí ojú ìwé kan péré. Ẹ tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo ilé ìwòran láti Bẹẹrẹ dé Bẹyẹrúnká, kí sáà bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ìjà tí yóò sì gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ kò kéré.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ kú ìjókòó o.